Yako àti Pẹ̀lẹ́: Ojú Tí A Fi Ń Wo Ìgbé-Ayé Ẹlòmíràn ní Abidjan

  

Nígbà tí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní Abidjan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìgbé-ayé òde òní: ohun tí àwa ń sọ nípa àwọn tí a bá ní ìlú yìí, ohun tí àwọn náà ń sọ nípa wa, àti ohun tí àwọn ọmọ wa tó ti kọjá sí Ìlú Ọba ń sọ nípa àwọn òyìnbó tí wọ́n ń bá gbé. Ọ̀rọ̀ ìdí ayò ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà á sí. Kò sí ọjọ́ tí ẹ ò ní gbọ́ ọ láwọn ìsọ̀ Adjamé. “Àwọn ará ibí ò mọ àgbà.” “Òyìnbó London ò mọ èèyàn.” “Anango ti pariwo jù.” A ó sọ ọ́, a ó rẹ́rìn-ín, oníkálukú á sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nídìí ayò lónìí, ká gbé e sórí ìwọ̀n. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ: kí a tó dá àṣà ẹlòmíràn lẹ́jọ́, ká kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí àṣà náà ń ṣe fún un. Níbi tí a kò bá ti béèrè, èrò ẹnu lásán kì í pẹ́ di òfin lé ẹlòmíràn lórí. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ti lé àwọn bàbá tiwa náà kúrò nílé rí, màá sì sọ bó ṣe rí.

Ta ni Anango?

Anango ni orúkọ tí onílé fi ń pè wá níbí. Àwọn kan nínú wa máa ń bínú sí i, bẹ́ẹ̀ orúkọ àwọn èèyàn wa ni. Ànàgó ni àwọn ará wa tó wà lágbègbè Ìpókíá àti Ìfọ̀nyìn, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà àti Benin. Àwọn ará Dahomey àtijọ́ ló mú orúkọ náà, tí wọ́n fi pe gbogbo ẹni tó ń sọ èdè wa. Orúkọ yìí wọ ọkọ̀ ẹrú kọjá òkun, ó di Nagô ní Brazil. Ó tún tọ etíkun wá sí Abidjan, ó di Anango.

Ẹsẹ̀ wa náà rìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará Èjìgbò ti ń wá sí ilẹ̀ yìí, tí àwọn ará ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ sì ń tẹ̀ lé wọn. Ẹ dé Èjìgbò lónìí, ẹ ó rí i pé wọ́n ń ná owó CFA níbẹ̀, ẹ ó gbọ́ Faransé lọ́jà, ọkọ̀ sì ń gbéra níbẹ̀ tààrà wá sí Abidjan. Ààlà mẹ́rin ni ọkọ̀ náà ń là kọjá: ó wọ Benin, ó wọ Togo, ó wọ Ghana, kó tó wá wọ Côte d'Ivoire.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa kò gba ọ̀nà tààrà wá. Ghana ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti tajà, tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ogún ọdún! Àwọn kan padà sílé lọ́wọ́ òfo. Àwọn kan kọjú síwájú, wọ́n wá síbí.

Irú èèyàn báyìí ni wá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn bàbá wa nílé láti mu tíì, láti wọ táì, láti máa sọ “sorry”. Níbí, a bá àwọn tí Faransé kọ́ láti jẹ búrẹ́dì gígùn pẹ̀lú kọfí láàárọ̀. Ẹni tó ti jókòó sí kíláàsì olùkọ́ méjì kò yẹ kó máa yára sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ló mọ̀wé.

Omi ṣáájú, ìròyìn tẹ̀ lé e

Mi ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan ní ìlú yìí nígbà tí àbúrò bàbá mi mú mi lọ kí onílé wa ní Treichville, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ Baoulé. Mo ti múra láti dọ̀bálẹ̀, kí n kí i kú ilé, kí n béèrè ìyàwó àtọmọ. Wọ́n ní ká jókòó. Wọ́n gbé omi wá, a mu ún. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìgbà tó yá ni ọkùnrin kan tó jókòó ti bàbá wá bi wá ní Faransé pé kí ni ìròyìn. Àbúrò bàbá mi tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, ó ní kò sí ibi, àlàáfíà ni. Ó wá to ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí mo kúrò nílé, ọ̀nà tí mo gbà, bí mo ṣe jẹ́ sí i, iṣẹ́ tí mo wá kọ́, yàrá tí a fẹ́ kí n máa sùn. Bí a ṣe jáde, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọlọ́pàá ni wọ́n ni? Kí ló dé tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò bẹ́ẹ̀?” Àbúrò bàbá mi ní kí n dákẹ́, pé yóò yé mi.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Àṣà àwọn Akan ni, amanié ni wọ́n ń pè é, ó sì ti tàn kálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà mìíràn ní ilẹ̀ yìí. Omi ló ń ṣáájú nítorí ọ̀fun ẹni tó rìnrìn àjò ti gbẹ, ọ̀rọ̀ ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í sì í balẹ̀. Ìròyìn tẹ̀ lé e kí àlejò lè sọ ohun tó bá wá lójú gbogbo èèyàn. Tí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, gbogbo ilé ló mọ ìdí tó fi wá, gbogbo ilé ló sì máa gbèjà rẹ̀. Ìwádìí tí mo rò pé wọ́n fi ń fura sí mi, ààbò ni wọ́n fi ń dá bò mí.

Tí o bá fẹ́ lọ, o ò kàn ní dìde. O ní láti tọrọ ọ̀nà. Wọ́n á ní àwọn fún ọ ní àbọ̀ ọ̀nà, kí o lè padà wá gba ìyókù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, ẹnu yà mí, nítorí “ó dàbọ̀” tiwa ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. Àbọ̀ tiwọn jẹ́ ìdajì, àbọ̀ tiwa jẹ́ ìpadàbọ̀. Ohun kan náà ni onílé méjèèjì ń sọ fún àlejò: má lọ pátápátá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, “On dit quoi?” tí ẹ fi ń kí ara yín ní Yopougon àti Abobo, ó jọ ọmọ bíbí inú àṣà yìí. Bí ọ̀rẹ́ bá bi ọ́ pé kí ni wọ́n ń wí, ìròyìn ló ń béèrè lọ́wọ́ rẹ, bí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ṣe ń béèrè rẹ̀.

“Tu” àti “ẹ”

Ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn àgbà wa ni pé ọmọ ìlú yìí kò mọ àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á kọjú sí bàbá rẹ̀, á ní “tu”. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Faransé tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé ní “vous”, iṣẹ́ tí “ẹ” ń ṣe fún wa náà ló ń ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ pé “you” kan náà ló fi ń pe ọba, òun náà ló fi ń pe ajá. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì dé Èkó, ara àwọn bàbá wa kò gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi “sir” àti “ma” dí ihò náà, a sì ń fi í dí i títí dòní. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí London náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n ń pe ẹni tí kò bá wọn tan ní Auntie àti Uncle, nítorí wọn ò lè fi orúkọ lásán pe àgbà.

Ohun kan náà ni àwọn ará Abidjan ṣe fún Faransé. Faransé ìgboro mú “tu”, ó sì fi í bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀. Àmọ́ ọ̀wọ̀ kò kú, ó kàn pààrọ̀ ìjókòó ni. Ẹ ó bá a nínú “tonton” àti “tantie”, nínú “vieux père” àti “la vieille”. Ojú mi ló ṣe nígbà tí àbúrò bàbá mi fẹ́ gbá ọmọ kan létí ní ibùdókọ̀ Adjamé. Omi ni ọmọ náà ń tà. Ó ní, “Tonton, tu veux combien?” Àbúrò bàbá mi gbọ́ “tu”, inú bí wọn, wọn ò sì gbọ́ “tonton” tó ṣáájú rẹ̀. Ọmọ náà ti sọ wọ́n di àbúrò bàbá rẹ̀ kó tó béèrè iye omi tí wọ́n fẹ́ rà.

Àwa náà ti bọ́ sírú ipò ọmọ yẹn rí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí rí ọmọ mi tó dọ̀bálẹ̀ kí mi láàárọ̀, ó ní ṣé irú bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹrú nìyẹn. Mo ṣàlàyé fún un pé ọmọ náà kò bẹ̀rù mi, pé ìdọ̀bálẹ̀ ni ọ̀nà tó ń gbà gba ìre òwúrọ̀ lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá wá sílé wa, òun náà máa ń dúró kí n wúre fún un. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko ẹni tó tó ti baba òun.

Yako, pẹ̀lẹ́, “sorry”

Ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀ òfuurufú díẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó má sí ìdílé kan nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò ní Ìlú Ọba. Bí wọ́n bá pè wá lórí fóònù, ohun tí wọ́n ń rò fún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Aládùúgbò ọdún mẹ́wàá kò wọ yàrá wọn rí. Èèyàn ò lè ṣàdédé lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, àfi tó bá ti pè ṣáájú tí wọ́n sì ti dá ọjọ́. Bí wọ́n bá jọ jẹun níta, oníkálukú ló ń san tirẹ̀. Wọ́n a sì fi bàbá arúgbó sílé ìtọ́jú. A ó gbọ́, a ó mi orí, a ó ní, “Òyìnbó ò mọ èèyàn.”

Ẹ jẹ́ ká béèrè iṣẹ́ tí àṣà wọ̀nyí ń ṣe. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní London kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Òtútù mú, ilé há, iṣẹ́ pọ̀, ọ̀nà ibi iṣẹ́ sì jìn. Ẹni tó pè kó tó wá ti yọ̀ǹda fún onílé láti sinmi, ó sì ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìrìn àsán. Títò sórí ìlà tí a fi ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́? Mínísítà dúró, ẹni tó ń gbálẹ̀ dúró, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń dá lóhùn. Iṣẹ́ tí ìlà ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí alágbára gba iwájú aláìlera. Ẹ wo ibùdókọ̀ gbaka wa nírọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ayé ń sáré relé. Ẹni tí apá rẹ̀ le ló ń kọ́kọ́ wọlé, aláboyún á sì dúró títí ọkọ̀ mẹ́ta á fi lọ. Èmi gba ìlà lọ́wọ́ òyìnbó, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbà á.

Mi ò gba gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì pa yẹn ní iye tó ń ná wọn, àwọn fúnra wọn sì mọ̀. Nínú oṣù kìíní ọdún 2018, ìjọba Theresa May yan mínísítà kan láti mójú tó ọ̀rọ̀ ìdáwà. Orílẹ̀-èdè tó ní ilé ìwòsàn, ojú irin àti owó tó bẹ́ẹ̀ wá rí i pé àwọn kan nínú àwọn arúgbó òun ń lo ọ̀sẹ̀ kan láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé àgbàlá tí a jọ ń lò, tí ìyá àgbà jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà tó ń bá gbogbo ẹni tó kọjá wíjọ́, jẹ́ àmì òṣì, ẹ tún un rò.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan jẹ́ nọ́ọ̀sì ní London. Ní ọjọ́ kan, òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ẹsẹ̀ kọ àga. Ọmọ wa ní, “Sorry.” Òyìnbó náà wò ó, ó ní, “Kí ló dé? Ṣé ìwọ lo tì mí ni?” Ọmọ náà kò mọ ohun tó máa sọ. Pẹ̀lẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ó kàn wọ ẹ̀wù Gẹ̀ẹ́sì fún un ni. “Sorry” tiwọn, ẹni tó ṣẹ̀ ló ń sọ ọ́. Wọ́n tún ń lò ó láti tu àjèjì lójú: o lè tẹ òyìnbó lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin kí òun tí o tẹ̀ sọ “sorry” fún ọ. Pẹ̀lẹ́ wa kò dúró de ẹ̀ṣẹ̀ kó tó jáde. Ìrora ẹlòmíràn ló ń pè é jáde.

Kí ni wọ́n ń sọ ní Abidjan bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ, bí òjò bá ba ọjà ẹni jẹ́, bí òkú bá kú fún ẹni? “Yako.” Kò bá ẹ̀bi tan rárá. Pẹ̀lẹ́ ni, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn ni, ẹ kú ìrọ́jú ni. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lóòrùn, wọn á kọjá, wọn á ní “du courage”. Ẹ kú iṣẹ́ ni wọ́n ń wí. A ní a sún mọ́ Gẹ̀ẹ́sì nítorí a gbọ́ èdè rẹ̀, a ní àwọn ará ibí jìnnà sí wa nítorí Faransé ni wọ́n ń sọ. Èdè ilé ìwé ló pín wa níyà, èdè tí a fi ń bá ara wa dárò kò pín wa.

Owó tí a dá jọ, owó tí a fọ́n

Tontine ni wọ́n ń pe àjọ ní ilẹ̀ yìí. Ọkùnrin ará Italy kan, Lorenzo Tonti, ló ni orúkọ náà. Ní ọdún 1653, ó gbé ètò owó kan kalẹ̀ fún ìjọba Faransé, Faransé sì wá fi orúkọ yẹn pe ohun tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe kí wọ́n tó mọ Faransé. Èsúsú tiwa bá àwọn ẹrú kọjá òkun, ó di “susu” ní Trinidad. Àwọn ará Jamaica ní irú rẹ̀, “pardner” ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí àwọn ará Caribbean ń rọ́ dé Ìlú Ọba lẹ́yìn ọdún 1948, tí báńkì kì í fẹ́ yá èèyàn dúdú lówó, pardner ni ọ̀pọ̀ wọn fi ra ilé àkọ́kọ́. Àṣà tí ọ̀mọ̀wé ń pè ní àìlajú ló ṣe iṣẹ́ tí báńkì kọ̀ láti ṣe. Ẹ̀yin ìyá wa ní ọjà Treichville, ẹ̀ka igi kan náà ni yín pẹ̀lú wọn.

Ó wá ku owó tí a ń fọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 2002 sí 2003 ni orin coupé-décalé bẹ̀rẹ̀, tí Douk Saga àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ná owó lé olórin lórí láti Paris dé Abidjan. “Travailler” ni wọ́n ń pè é. Ìgbà yẹn gan-an ni ogun pín orílẹ̀-èdè yìí sí méjì. Àwọn àgbà wa fi ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní ìnákúnàá. Òótọ́ ni, ìnákúnàá ni. Àmọ́ ta ló ń sọ ọ́? Àwa tí a ń lẹ owó mọ́ iwájú orí ìyàwó àti onílù títí ilẹ̀ fi mọ́! Òfin báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ti sọ níná náírà lóde ayẹyẹ di ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ a ò dẹ́kun. Ìdájọ́ tèmi ni pé àtiwọn àtiwa, kò dára. Owó tí ìyá fi oṣù mẹ́wàá dá nínú àjọ kò yẹ kó tán lábẹ́ bàtà oníjó lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn wí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ilé ara rẹ̀ wí.

Ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún

Àwọn kan á ní àṣà kì í yí padà, pé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyí. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà nígbà kan rí, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi kọ́ wa. Dahomey, Niger àti Cameroon tó yí wa ká, ọwọ́ ọ̀tún ni tiwọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, gbogbo Nàìjíríà yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Ghana kò tíì yí. Láàrin ìgbà náà sí ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1974 tí Ghana yí padà, awakọ̀ tó bá ń bọ̀ láti Èkó gba ọwọ́ ọ̀tún dé ẹnubodè Togo, ó gba ọwọ́ òsì la Ghana já, ó tún padà sí ọwọ́ ọ̀tún kó tó wọ Abidjan.

Ẹ ò rí i pé a jogún àṣà kan lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a sì jù ú sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, torí a rí i pé kò jẹ́ ká bá aládùúgbò wa rìn dáadáa. Kò sẹ́ni tó sọ pé a ti sọ ara wa nù. Àṣà tó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ká dì í mú. Èyí tó bá ń fi orí wa gbá ti aládùúgbò, ká yí i padà.

Nígbà tí èrò bá di òfin

Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1958, ní ìlú yìí kan náà, àwọn èèyàn dìde sí àwọn ará Dahomey àti Togo tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì níbí. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n kó wọn lẹ́rù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì fi ọkọ̀ ojú omi padà sílé. Ní ọdún 1969, wọ́n lé wa ní Ghana. Kí a má baà rò pé àwa kì í ṣe é fún ẹlòmíràn, ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Shagari lé àwọn ará Ghana àti àjèjì mìíràn jáde ní Nàìjíríà. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù wọn ṣì ń jẹ́ “Ghana Must Go” lẹ́nu wa títí dòní.

Níbí, ọdún 1990 ni wọ́n gbé ìwé ìgbélùú kalẹ̀ fún àjèjì, bẹ́ẹ̀ ECOWAS ti fọwọ́ sí ìwé lọ́dún 1979 pé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa wọ ilẹ̀ ara wọn fàlàlà. Ọ̀rọ̀ “ivoirité” gba ìgboro lásìkò ìjọba Bédié, àwọn èèyàn wá ń bi ara wọn pé ta ló jẹ́ ojúlówó ọmọ ilẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọdún 2007 ni wọ́n tó mú ìwé náà kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ ECOWAS.

Kò sí ọ̀kan nínú ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí tí ìbọn kọ́kọ́ ṣáájú. Ẹnu ló ṣáájú. Wọ́n ti pọ̀ jù. Wọ́n ti pariwo jù. Wọn ò jọ wá. Àwọn ará Ìlú Ọba náà kò bọ́ níbẹ̀: lọ́dún 2018 ni gbogbo ayé gbọ́ pé àwọn ọmọ Caribbean tí òbí wọn kó wá láti kékeré, tí wọ́n ti sanwó orí títí irun wọn fi funfun, ni ìjọba ń sọ fún pé wọn kì í ṣe ọmọ ìlú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire pàdé ní pápá Ebimpé fún ife Áfíríkà. Ilé mi pín sí méjì: èmi wọ àwọ̀ ewé, àwọn ọmọ mi wọ ọsàn. Troost-Ekong ṣí i, mo fò sókè. Kessié dá a padà, Haller sì fi ìkejì tì í. Gbogbo Abidjan bú sáyọ̀. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú òkùnkùn. Obìnrin tó ń ta attiéké lójúde wa, tó ti ń jó láti ìgbà tí fèrè dún, dúró nígbà tó rí mi. Ó gbé abọ́ kan fún mi, attiéké àti ẹja díndín, ó ní, “Yako, tonton.” Ó sì padà sínú ijó rẹ̀. Ìdùnnú tirẹ̀ kò dí i lójú kó má rí ìbànújẹ́ mi.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ Yorùbá fún àwọn ọmọ yín nílé, kí wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi ń dọ̀bálẹ̀. Kí wọ́n sì mọ ìdí tí omi fi ń ṣáájú ìròyìn lọ́dọ̀ onílé. Ẹ̀yin àgbà, nígbà tí wọ́n bá ní Anango ń pariwo, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bínú. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a ń tan títí di ìdájí níbi ìsọmọlórúkọ, ọmọ ẹlòmíràn ni kì í jẹ́ kó sùn. Ẹ jẹ́ ká lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò ká tó dí ojú títì, ká sì sọ ìdí ayọ̀ wa fún wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí Ìlú Ọba, ẹ mú yako àti pẹ̀lẹ́ dání, ẹ sì kọ́ títò sórí ìlà bọ̀ wá sílé.

Lọ́la, kí oníkálukú wa tó tú ọjà sílẹ̀, kó yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tí kì í ṣe Yorùbá, kó béèrè ìròyìn rẹ̀, kó sì dúró gbọ́ ọ tán.